Elétí àti Ọkọ̀ Tí Kì í Pariwo

Mẹkáníìkì ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Elétí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ páànù kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Òun kọ́ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ o, àwọn oníbàárà ni. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ìkóríta, kò tíì dé iwájú ṣọ́ọ̀bù tí Elétí yóò ti máa fi àkísà nu ọwọ́, tí yóò ní, "Ẹni yìí ti jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò sì rí. Yóò gbé ẹnu sukurudíráfà gígùn kan lé ẹ́ńjìnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, yóò dijú, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà fún ọ kí o tó ka ení dé ẹ̀wá. Iṣẹ́ ẹlòmíràn wà lọ́wọ́, tirẹ̀ wà létí.

Etí ọ̀hún ló wá ń di láti bí ọdún méjì sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń fi òwú dí i láàárọ̀ tó sì ń gbàgbé láti yọ ọ́ lálẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kí ni kó sọ? Pé etí Elétí ti di? Háà! Ṣé ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ tún lè ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì?

Ló bá di ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ dé, yóò tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, yóò ní, "Ẹ̀yin lẹ ń wà á, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ?" Inú oníbàárà á dùn, á rò pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun ni. Ohun tí etí ò bá gbọ́, Elétí á fi ọwọ́ lé e, á jẹ́ kí ìka wádìí ẹ̀. Ó ń rí i ṣe, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ gbogbo àárọ̀ tó bá ti ń ṣí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé òní ni àṣírí máa tú.

Fóònù ló jìyà ọ̀rọ̀ náà jù. Elétí ní ọmọbìnrin kan, àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ yìí á pe bàbá rẹ̀ títí, bàbá ò ní gbé e. Bó bá wá gbé e, igbe ló máa ń ké: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o! Fóònù yìí ò dáa!" Ọmọ ra òmíràn. Ìyẹn náà ò dáa. Ó ra ẹ̀kẹta, èyí tó lè ya àwòrán eèrà lórí igi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni fóònù ṣe fún wọn? Fóònù mẹ́ta ló ru ẹ̀bi etí méjì. Bí ọmọ bá wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́, Elétí á gbé e tọ aránṣọ lọ pé, "Bá mi gbọ́ ọ, kí o rò ó fún mi, ọ́ìlì wà lọ́wọ́ mi." Aránṣọ ò bi í ní nǹkan kan rí.

Nígbà tó di Sátidé kan, ọmọ yìí gbé ọkọ̀ tuntun dé ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ oníná ni, èyí tí kì í mu epo, tí wọ́n máa ń ki wáyà bọ̀ lára bíi fóònù. Elétí wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló rí kó tó mọ̀ pé àlejò dé. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọkọ̀ yìí kì í dún bó bá ń lọ, ńṣe ni inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́! Lójú tirẹ̀, ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a dọ́gba ni.

Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó bá bàtà àti báàgì níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnì wà.

"Ta ló jí ẹ́ńjìnì rẹ gbé?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ wá dúró níwájú rẹ̀.

"Bàámi, ó ń dún o. Táyà iwájú lápá òsì. Bí mo bá ti sáré díẹ̀ báyìí, á máa kùn. Mo gbé e padà síbi tí mo ti rà á, wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kọ̀ǹpútà ní kò sóhun tó ṣe é. Mo ní kò burú, mo ní bàbá mi á gbọ́ ọ. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ ò tíì mọ bàbá mi ni."

Elétí rọra pa iwájú ọkọ̀ dé.

Kò sí bó ṣe fẹ́ kọ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó, kò de bẹ́líìtì. Ọmọ ò bá a jà sí i, nítorí ó mọ̀ pé orí kunkun bàbá òun lórí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ò lóògùn. Ọkọ̀ ló gbé ìjà náà rù. Pín-ín! Pín-ín! Pín-ín! Àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí, kò sóhun tí wọn ò ní bá èèyàn wí lé lórí. Wọ́n kọjá ilé ìwé, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà títẹ́jú, ọmọ tẹná mọ́ ọn. Pín-ín! Pín-ín! Lábẹ́ ariwo yẹn, táyà òsì ń kùn. Elétí dijú, ó ń mi orí bó ti máa ń ṣe látijọ́. Ó mọ̀ pé ọmọ ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun. Ó ń wá èyí tí kò ní kó bá òun.

"Ṣé o mọ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọkọ̀ yìí?" ó ní. "Kì í pariwo. Inú rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ kúkú ni, aláwàdà. Ó yíjú wò ó. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìta, ara rẹ̀ balẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó rò pé òun ti yege.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọmọ. Ó rántí fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Bàámi, láti ìgbà wo?"

Bàbá ò dáhùn. Ó ṣì ń wo ìta.

Ọmọ pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ kó lè kọjú sí òun. "Ọkọ̀ ń pariwo, Bàámi. Látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé ló ti ń pariwo. Bẹ́líìtì yín ni."

Elétí wo bẹ́líìtì, ó wo ọmọ. Ó ní, "Má sọ fún ìyá rẹ." Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún méjì. Ojú ń tì mí. O lọ fi mí yangàn níwájú wọn, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa ra fóònù!" Ọmọ ń bínú, ó ń sunkún, ẹ̀rín sì tún ń yọ sí i. "Fóònù mẹ́ta, Bàámi!"

"Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáa gan-an," ni Elétí wí.

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi jáàkì gbé táyà òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún yí i, ó sì fi ọwọ́ òsì di sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú. Ó ń yí i, ó ń yí i. Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè rí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Báwo ló ṣe ń dún?"

Ọmọ gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. "Wùùùùn. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, á le sí i."

"Béárìn ni, irin tí táyà fi ń yí. Ó ti jẹ." Ó mú ọwọ́ ọmọ, ó gbé e lé sípíríǹgì. Ó yí táyà. Nǹkan kan ń họ ìka ọmọ náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí iyanrìn. Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, ẹnu yà á.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Elétí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ò dáwọ́ ata tó ń gé dúró. "Ta lẹ rò pé ó ń yí rédíò tí ẹ máa ń yí sókè yẹn wálẹ̀ tí ẹ bá ti sùn? Mò ń dúró dè yín ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo etí. Béárìn tuntun ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Elétí jókòó, ó fa bẹ́líìtì kọjá àyà, ó sì ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò. Ó kọjú sí ọmọ kó lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa.

"Ṣé ó ti dákẹ́?"

"Ó ti dákẹ́, Bàámi."