O Kú Ewu

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin nìkan ni bàbá wa fi sílẹ̀ sínú ilé yìí ní Alajo. Gánà níbí ni wọ́n bí àbúrò mi sí, torí náà Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò dán rárá. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, àmọ́ tó bá di kó fèsì, Twi ni. Èmi tí mo jù ú lọ dáadáa ló ń pè ní “ìwọ”. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ará Gánà tó ń pe àwa Yorùbá ní Alata kò mọ̀ pé ayédèrú Alata ló wà nílé mi.

Ó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà. Nígbà tí ogun Làìbéríà kò tán bọ̀rọ̀, tí Gánà tún ń kó ọmọ ogun lọ làjà níbẹ̀, wọ́n mú un mọ́ wọn.

Iwájú ilé ni mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Àwọn oníbàárà mi a máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́. Àwọn kan ní kí ló kan Gánà nínú ìjà ilé onílé? Inú a bí mi. Mo ní, “Ẹ gbọ́ ná, tí wọ́n bá ń dúńbú ọkùnrin àtobìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, fèrèsé lẹ máa tì? Ogun kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí kò lọ ló jẹ̀bi!” Wọ́n á ní torí àbúrò mi ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá palẹ̀ ọjà mọ́ tán, èmi nìkan ni mo máa ń jẹ kẹ́ńkẹ̀ nínú odindi ilé, tí màá máa dá rédíò lóhùn.

Ó padà dé. Ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé. Àwọn Yorùbá àdúgbò ya wá, àwọn kan tiẹ̀ wá láti Sabon Zongo. “O kú ewu o! O kú ewu o!” Ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bi mí pé, “Àǹtí, ewu, kí ni?”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń tú kíkí? Wọ́n kí ọ, o dáhùn, ó parí! Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tó lè pa èèyàn ni, pé ẹni tó bá yọ nínú rẹ̀ là ń kí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bímọ, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ dojú dé. Ó wá ní, “Èmi ni ewu.”

Mo tún un ṣe, bí mo ti máa ń ṣe: “O wà nínú ewu, lo fẹ́ sọ.”

“Daabi,” ó mi orí. “Nínú kọ́. Èmi ni ewu.”

Ó sọ ọ́ fún mi, Twi díẹ̀, Yorùbá díẹ̀. Oríta kan ni wọ́n ń ṣọ́. Obìnrin kan ń bọ̀ tòun ti ẹrù lórí. Wọ́n ní kó dúró, kò dúró. Àwọn ọ̀gá wọn sì ti kìlọ̀ fún wọn pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń fi ìbọn pamọ́ sínú ẹrù. Àbúrò mi ló yìnbọn. Ewé ẹ̀gẹ́ tí obìnrin náà fẹ́ lọ fi se ọbẹ̀ ló wà nínú ẹrù náà.

Ha! Mo ní, “Ṣebí ẹ lọ làjà ni. Ó tọ́ kí Gánà lọ.”

Ó ní, “Gánà tọ́. Mo mọ̀.”

Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀, tó fi ilé sílẹ̀, tó gba yàrá kan ní Jamestown, tó ń bá àwọn apẹja tún àwọ̀n ṣe. Ó ní àwọn tó ń kí òun ti pọ̀ jù ní Alajo. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo sunkún. Ó dùn mí dé egungun.

Bí ẹ bá bi mí lónìí, màá ṣì sọ pé ó tọ́ ká lọ. Mi ò yí i padà. Orílẹ̀-èdè ti jàre, ó ti lọ sùn. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni ẹjọ́ náà kù sí.

Mo máa ń wọ tròtró lọ wò ó. Inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń wá kíkí tí màá kí i. Yorùbá mà ní kíkí fún ẹni tó jókòó, ẹni tó dúró, ẹni tó ń dirí, ẹni tí òtútù ń mú. Mi ò rí tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo la ẹnu láti kí i. Ó gbé àwọ̀n kúrò lórí àpótí.

“Ẹ má kí mi, Àǹtí,” ó ní. “Ẹ jókòó.”

Láti kékeré ni mo ti ń kọ́ ọ ní “ẹ” yẹn, tí kò mọ̀ ọ́n. Mo jókòó sórí àpótí náà bí àlejò.