Obìnrin Tó Ń Ṣọ́ Fáìlì Wa

Ohùn wọn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, Yorùbá tí èdè Ègùn dà pọ̀ mọ́: "Tìrẹ nìkan lo máa rí."

Àwọn ni obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá fáìlì ní ọ́fíìsì wa ní Àgbádárìgì. Wọ́n lẹ ìwé tó sọ ẹni tó lè rí fáìlì mọ́ ẹnu ọ̀nà: òṣìṣẹ́, fáìlì tirẹ̀ nìkan; ọ̀gá ẹ̀ka Iworo, ti àwọn ará Iworo; ọ̀gá ẹ̀ka Kankon, ti àwọn ará Kankon. Obìnrin yìí nìkan ló lè rí gbogbo rẹ̀. Nítorí ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jẹun. A ní wọ́n mọ àṣírí wa.

Nígbà tí ìjọba ológun ń lé òṣìṣẹ́, sọ́jà kan wá béèrè fáìlì gbogbo wa. Wọ́n nawọ́ sí ìwé ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, orúkọ yín ò sí níbẹ̀."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó yá, mo wọkọ̀ ojú omi lọ kí wọn nílé wọn ní erékùṣù Topo. Wọ́n dá jókòó, wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja. Inú wọn dùn láti rí mi débi pé wọ́n ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọmọ mélòó lo ti bí?" wọ́n bi mí.

Orúkọ àwọn ọmọ mi wà nínú fáìlì mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Wọn ò ṣí i wò rí.