Igbó Ló Wá Bá Wọn

"Bí kò bá sí ìwé, wọn á ní kò sí sàréè."

Báyìí ni obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé àdúgbò wa ṣe kìlọ̀ fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi kí n lè fojú ara mi rí máàpù ilẹ̀ náà. Ọ̀nà wà níbẹ̀, ilé tiwa wà níbẹ̀, kódà ojú àgbàrá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí òkú mẹ́tàlélógún wà, àwọ̀ ewé lásán ni wọ́n fi kùn ún. Ó ní ẹni tó bá mọ ohunkóhun, kó kọ ọ́, kó fọwọ́ sí i, kó mú un wá kí àwọn tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ tó gbé katapílà dé.

Mo ní èmi mọ nǹkan kan. Ó bi mí pé kí ni. Mo ní mo mọ ẹni tó ya ìwé tí orúkọ wọn wà dànù. Èmi ni.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Orúkọ àwọn òkú kì í ṣe tèmi láti máa gbé kiri, orúkọ ọmọ mi sì ni mo ń dáàbò bò. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń ka nǹkan kó pé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní warehouse ní McDonough nìyẹn: èmi ni mo ń yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀. Bí páálí kan bá dín ẹyọ kan, èmi ni wọn ó pè.

Stone Mountain, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, là ń gbé. Ilé tuntun ni àwọn ilé àdúgbò wa, wọ́n jọra bí ìbejì, àfi ilé pákó kékeré kan tó wà ní ẹnu àbáwọlé, tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan tiwa. Ìyá àgbà kan ló ń dá gbé inú rẹ̀, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí mo bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á ti jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, á juwọ́ sí mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi juwọ́ padà láì tẹ bíréèkì.

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé máa ń já ọmọ mi sílẹ̀ ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Bí ọ̀nà bá dára, mo máa ń dé ní aago márùn-ún ààbọ̀. Àárín wákàtí méjì yẹn ni ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo kọ òfin sí ara fíríìjì: ti ilẹ̀kùn, má dáná, má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, má pè mí níbi iṣẹ́ àfi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Èyí tí mi ò kọ, tó jẹ́ pé ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́, ni pé kó yàgò fún àwọn akátá, àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ sì mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé. Mo sọ fún un pé àwa kì í ṣe wọ́n. Mo ní àwa ní ìlú, a ní oríkì, a mọ ibi tí a ti wá. Mo ní àwọn ò ní ìtàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, ó sì tẹ́tí sí mi.

Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà dá mi dúró níbi tí a páàkì mọ́tò sí.

"Sister mi, ẹ má bínú o, mi ò lè rí i kí n dákẹ́. Ṣé ìyá akátá ẹnu ọ̀nà yẹn lẹ gbà ní tíṣà lẹ́sìnnì ni?"

"Lẹ́sìnnì báwo?"

"Ọmọ yín mà ni mo rí ní Thursday. Ó di ìyá náà lápá mú, wọ́n jọ wọ igbó ẹ̀yìn ilé yẹn lọ. Bírò wà lọ́wọ́ ọmọ o! Mo ní bóyá ilé ìwé míì lẹ fi í sí tí ẹ ò sọ fún wa."

Ó rẹ́rìn-ín tán, ó wá fà mí sún mọ́ra. "Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Bí ejò bá bu ọmọ jẹ nínú igbó yẹn, ẹ̀yin ni wọn ó mú. Wọ́n á ní ẹ pa ọmọ tì. Ìjọba á gbé e fún ẹlòmíì tọ́."

Èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn ló wọ̀ mí lára. Bí mo ṣe wakọ̀ délé, mi ò mọ̀.

Mo tú báàgì ọmọ náà. Ìwé kọmpósísọ̀n kan wà nínú rẹ̀, dúdú òun funfun lẹ́yìn. Ó ya igi kédárì kan sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì kọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà dé ìdí igi náà. Lẹ́yìn ìyẹn, òkúta. Òkúta mẹ́tàlélógún, ó fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ nǹkan díẹ̀ sí i. Ọ̀kan gbẹ́ kànga ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan máa ń fọn fèrè. Ọ̀kan kú pẹ̀lú oyún nínú. Ìkọ̀wé rẹ̀ ń lọ tààrà, kò fo ìlà kan. Ó jọ ìkọ̀wé mi gẹ́lẹ́.

"Kí lèyí?"

"It's the people, Mọ́mì."

"Èèyàn wo?"

"Àwọn tó wà nínú igbó. Grandma ẹnu ọ̀nà ló mọ gbogbo wọn. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ní Friday la parí ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an. Ní ìlú mi, ilé là ń sin èèyàn sí. Sàréè bàbá bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Orí rẹ̀ ni ìyá mi máa ń sá èlùbọ́ sí, orí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi kọ́ ìṣirò. Kò bà mí lẹ́rù rí. Ṣùgbọ́n òkú inú igbó, òkú tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni: ẹni tó pokùn so, ẹni tí ẹ̀tẹ̀ pa, ẹni tí kò ní ará tó máa sin ín. Òkú mẹ́tàlélógún nínú igbó, tí ọwọ́ ọmọ mi kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan! Mo gbà pé òkú burúkú ni gbogbo wọn. Mi ò béèrè.

Ewé mọ́kànlá ni mo ya. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dà á kọ." Mo ní kó lọ wẹ̀.

Nítorí pé mo mọ ẹni tí mo bí, mi ò jù ú sínú garawa ìdalẹ̀nù ilé wa, torí ó máa lọ ṣà á. Mo di í sínú ọ̀rá dúdú, mo gbé e lọ sí McDonough lọ́jọ́ kejì, mo jù ú sínú ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ páálí pa. Mo dúró tì í títí ó fi tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi nìyẹn, n kì í fi nǹkan sílẹ̀ láàbọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, mo tẹ bíréèkì níwájú ilé pákó yẹn. Gẹ̀ẹ́sì la sọ, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe tú u síbí.

Mo ní ọmọ mi ò ní wá mọ́.

"Jókòó," ìyá àgbà ní.

"Mi ò ráyè, mà."

"Gbogbo yín ni ẹ ò ráyè. Àwọn obìnrin tó ń wá wẹ̀ mí láàárọ̀, èdè kan náà lẹ jọ ń sọ. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀, aago ni wọ́n ń wò. Ọmọ rẹ nìkan ló jókòó."

Inú bí mi. Mo wá ọ̀rọ̀ tó máa dùn ún. Mo ní irú èèyàn wo ló ń sin òkú rẹ̀ sínú igbó?

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Igbó? Ọmọ mi, ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀. Ilé ló yí i ká. Àgbàdo bàbá mi wà níbi tí o ń páàkì mọ́tò rẹ sí. Wọ́n ra ti ẹni tó fẹ́ tà, wọ́n fi ọgbọ́n gba ti ẹni tí kò fẹ́ tà. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀ mọ́, igi hù. Àwọn kọ́ ló lọ bá igbó. Igbó ló wá bá wọn."

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. "Ó dáa, mà" ni mo sọ, mo yí padà. Mo ti dé ìdí mọ́tò kó tó pè mí.

"Sọ fún un kó tọ́jú ìwé yẹn dáadáa o!"

Mo wọ mọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn.

Kí òtútù ọdún náà tó parí, ọkọ̀ aláìsàn wá gbé e. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ míì ti fi í sí ilé ìtọ́jú arúgbó ní Fairburn. Wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní oṣù tó kọjá, fóònù mi dún níbi iṣẹ́. Ọmọ mi ni. Kò pè mí níbi iṣẹ́ rí, òfin fíríìjì ló ń tẹ̀lé.

"Mọ́mì, wọ́n ti ri pátákó funfun mọ́lẹ̀ níwájú igbó. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé lé wọn lórí."

Ní ọjọ́ Saturday, mo gbé e lọ sí Fairburn. Ìyá àgbà wà lórí kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn, ó ti rù. Kò dá mi mọ̀, ó rò pé mo wá wẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí ọmọ náà, ojú rẹ̀ là.

"Akọ̀wé mi dé."

Ọmọ mi kúnlẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn láìwo ìwé. Ó ka ọ̀kan, ìyá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ka ìkejì, ìyá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó gbẹ́ kànga." Ó ka mẹ́sàn-án. Níbẹ̀ ló dúró.

"Kà á lọ," ìyá àgbà ní.

"Mi ò rántí yòókù, mà. Ẹ ràn mí lọ́wọ́."

"Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà. "Mo ti kó gbogbo wọn fún ọ tán. Mi ò gbé wọn mọ́. Ọwọ́ rẹ ni ìwé wà. Ṣí i, kó o kà á."

Ọmọ mi gbójú sókè, ó wò mí.

Láti ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ mi ti wọ igbó yẹn ní Saturday méjì. A ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdí òkúta kọ̀ọ̀kan, a so aṣọ pupa mọ́ ọn. Abẹ́ ewé gbígbẹ ni a ti rí ìkẹtàlélógún, òkúta kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọmọ mi ní ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àti pé ìyá àgbà sọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́, òun ò sì rántí rẹ̀. Ó ń dá mi lóhùn bí mo bá bi í léèrè, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ló ń tọ́jú gbogbo ìwé rẹ̀ sí báyìí. Kò gbé ọ̀kan wálé mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi pè láti ilé pé ọ̀nà tí ìjọba ń fẹ̀ máa kan sàréè bàbá bàbá wa. Mo pariwo lórí fóònù títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo ní ṣé èèyàn ni wọ́n tàbí ẹranko. Nígbà yẹn, ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti fi ẹ̀rọ tẹ mẹ́tàlélógún pa. Bí mo bá dúró ní warehouse báyìí, mo máa ń wo sìmẹ́ńtì tó wà lábẹ́ bàtà mi. Ilẹ̀ ẹnì kan ni. Mi ò mọ ti ta.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi nípa ọmọ mi ló dáhùn.

"Sister, ṣé òkú akátá ló wá kù tí a máa gbé lérí báyìí? Ìyá yẹn náà! Mo mà wẹ̀ ẹ́ fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ òkú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Earpiece ni mo máa ń ki bọ etí, tí mo ń gbọ́ ìwàásù."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí."

Ó ronú. "Ẹnì kan wà tó máa ń fọn fèrè."

Ìyẹn wà nínú mẹ́sàn-án tí a ti ní.

Èmi àti òun, kò sí ìyàtọ̀. Òun di etí rẹ̀, èmi ya ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn míì tó wẹ̀ ẹ́ wà nínú wa, torí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mi ò sì ráyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń tọ́jú arúgbó ní Stone Mountain àti àyíká rẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Bí ẹ bá ti wẹ ìyá kan rí nínú ilé pákó kékeré tó wà ní àbáwọlé àwọn ilé tuntun, tí igi kédárì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ronú. Bó jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, bó jẹ́ ààbọ̀ orúkọ, bó jẹ́ iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe láyé nìkan lẹ rántí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ gbé e lọ sí ilé ìkàwé àdúgbò kí wọ́n tó gbé katapílà dé. Mẹ́rìnlá ló kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá wọn.