Ọwọ́ Òsì Àbẹ̀ẹ́bí

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ọjà ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1980, tí ẹ béèrè aránṣọ tí kì í yẹ àdéhùn, ilé Sìlífátù ìyàwó Kàsúmù ni gbogbo ènìyàn yóò júwe. Bó bá ní ọjọ́ Jímọ̀ ni aṣọ yóò jáde, ọjọ́ Jímọ̀ náà ni. Kọ́là ọrùn aṣọ a jókòó dáadáa, etí aṣọ a gún, òwú kan kò ní yọrí síta. Obìnrin tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan gún régé ni. Ká má purọ́, ohun tó bá a jà nígbẹ̀yìn náà nìyẹn.

Ọmọ mẹ́rin ló bí, Ọlọ́run gba méjì. Lábísí ni àgbà nínú èyí tó kù, ó ti wà ní ilé-ìwé gírámà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Àbẹ̀ẹ́bí ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì àbọ̀, gìrì gbé e lọ́sàn-án gangan, ojú rẹ̀ yí sókè, wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ó yè é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kọrin, òun a máa wò wọ́n. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún kó tó pe “Ìye”, bí ará Ọ̀wọ̀ ṣe ń pe ìyá, tó já geere, tí ìyá rẹ̀ sì bú sẹ́kún lórí máṣíìnì.

Nǹkan kejì wà tí Sìlífátù kì í jẹ́ kó dé etí ará ìta. Òsì ni ọmọ náà ń lò.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òsì jẹ́ ní ilé wa. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì sọ pé ká fi gba ẹran lọ́wọ́ àgbà. Ní ilé mùsùlùmí ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, wọ́n ní èṣù ló ń fi òsì jẹun. Sìlífátù ní òun kò ní bí ọmọ kí wọ́n máa fi í ṣẹ̀sín. Ó mú àjákù àǹkárá, ó so ọwọ́ òsì ọmọ mọ́ ìbàdí nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Tí kò bá so ó, á fi rúlà kan án ní ìka. Nígbà tó yá, kò sí àjákù mọ́, kò sí rúlà mọ́. Bí ọwọ́ òsì bá ti ń jáde báyìí, Sìlífátù a húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré: “Ùhn-ùn!” Ọwọ́ náà a padà sábẹ́ itan, Àbẹ̀ẹ́bí a sì jókòó lé e. Àwọn oníbàárà a máa yìn ín. Òun náà a sì fẹ̀ sórí àga: “Èmi kì í na ọmọ o. Ikọ́ ni mo fi ń tọ́ tèmi. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.”

Áà, Sìlífátù!

Ní ilé-ìwé, ọ̀tún ni Àbẹ̀ẹ́bí fi ń kọ̀wé, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ a máa dùbúlẹ̀, òmíràn a kọ ẹ̀yìn sí òmíràn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti kọ ojú ìwé kan tán kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀. Tíṣà Akínwọlé, tó ń kọ́ kíláàsì kejì, kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n ọmọ ọgọ́ta ló wà níwájú rẹ̀, sùúrù rẹ̀ kò sì tó ọgọ́ta. “Olódo” ni ó ń pe Àbẹ̀ẹ́bí. Nígbà tí ọmọ náà lo ọdún kẹta ní kíláàsì kan náà, ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀gbẹ́ni Ignatius, ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀.

“Ìyá Lábísí, obìnrin kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́,” ó ní. “Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dán ọpọlọ ọmọ wò, kí ó mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń wọ́ fún un. Bí ó bá rí i pé Àbẹ̀ẹ́bí lè tẹ̀ lé àwọn yòókù, a ó gbé e lọ sí kíláàsì kẹta, a ó sì wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ lọ́tọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní lè dúró síbí mọ́.”

Kàsúmù, ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í gùn. “Bí wọ́n bá ní ọpọlọ rẹ̀ kò gbé e, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Òkèlúsè ni yóò lọ. Kò sẹ́ni tí ń béèrè ABD lọ́wọ́ ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Sìlífátù lára bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Òkèlúsè kò burú, ìyá ọkọ rẹ̀ kò sì burú. Ṣùgbọ́n ojú ìyá àgbà náà ti ń ṣe bàìbàì, ọjọ́ a sì máa ṣú bá a lóko. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, bí ebi bá ń pa á, ta ni yóò mọ̀? Bí ibà bá mú un nínú oko, ta ni yóò ké sí? Bí ẹnìkan bá sì fọwọ́ burúkú kàn án, ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́? Òun nìkan ló gbọ́ èdè ojú Àbẹ̀ẹ́bí láyé yìí. Bí ọmọ náà bá kúrò lọ́dọ̀ òun, ó ti sọnù nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó wẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní, ó lọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ títí ó fi lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ó dì í mú ní èjìká. “Òsì ńkọ́?”

Àbẹ̀ẹ́bí fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

“Ọmọ dáadáa. Má dójú tì mí.”

Obìnrin tó ti Àkúrẹ́ wá, Olúfúnmilọ́lá Ògúnyẹmí lorúkọ rẹ̀, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì lójú àánú. Ó gba Sìlífátù láàyè kí ó jókòó lẹ́yìn ọmọ, ó kàn ní kó má sọ̀rọ̀. Ó kó igi kéékèèké mẹ́sàn-án sórí tábìlì. Ojú igi kan pupa, òmíràn funfun, òmíràn pín sí méjì, pupa níhìn-ín, funfun lọ́hùn-ún. Ó gbé àwòrán kan síwájú ọmọ, ó ní kí ó fi igi náà to irú rẹ̀, ó sì tẹ aago.

Ojú Àbẹ̀ẹ́bí là. Sìlífátù rí i láti ẹ̀gbẹ́, ó là bí ìgbà tí ènìyàn rí ará ilé rẹ̀ láàárín èrò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì jáde.

“Ùhn-ùn!”

Ọwọ́ náà padà. Ọ̀tún ló wá jáde, ó ti igi kan ṣubú, ó yí òmíràn sódì. Òsì tún yọjú. Sìlífátù tún húkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Àkókò tán, igi méjì péré ló jókòó síbi tó yẹ.

Arábìnrin Ògúnyẹmí yíjú padà. “Màmá, ṣé ara yín yá?”

“Eruku ni, mà.”

“Ọwọ́ wo ni Àbẹ̀ẹ́bí máa ń lò nílé?”

Sìlífátù wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró síbẹ̀, Tíṣà Akínwọlé dúró tì í, wọ́n ń wò ó. Ojú tì í dé egungun. “Ọ̀tún ni, mà. Ọmọ mi kì í lo òsì.”

“Ṣé ó dá yín lójú? Ó ṣe pàtàkì o.”

“Ó dá mi lójú.”

Ẹyin lohùn. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé dé. Ọ̀gá ilé-ìwé kà á fún wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: òye ọmọ náà kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Kàsúmù dìde kó tó kà á tán. Ó ti bá onílọ́rí kan sọ̀rọ̀, ọjọ́ Sátidé ni Àbẹ̀ẹ́bí yóò bá a lọ sí Òkèlúsè. Sìlífátù kò lè jẹun. Iṣẹ́ oníbàárà wà nílẹ̀, aṣọ oko ló ń rán fún ọmọ rẹ̀, bó sì ti ń rán an ló ń da omi ojú sí i.

Ní ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ náà, ó jáde sẹ́yìnkùlé láti fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù. Ó rí Àbẹ̀ẹ́bí lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Ọmọ náà kò rí i. Ó kó àjákù aṣọ pupa àti funfun jọ sílẹ̀, ó ń tò wọ́n. Òsì ló fi ń tò wọ́n, ọwọ́ náà yá, ó ń lọ ó ń bọ̀, kò ṣi ibì kan mú. Sìlífátù wo ohun tó tò, orí rẹ̀ sì wú. Àwòrán tí obìnrin Àkúrẹ́ gbé kalẹ̀ ni, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, pupa síbi pupa, funfun síbi funfun. Ọmọ tó rí i lẹ́ẹ̀kan péré, ní ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn!

Ikọ́ ti ń bọ̀ lọ́fun rẹ̀ nítorí àṣà. Ó sáré fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀.

“Mo gbé!” ló ń sọ nínú ara rẹ̀. “Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi!”

Ó bẹ Kàsúmù títí. Kàsúmù ní bí obìnrin náà bá yí ìwé rẹ̀ padà kí Sátidé tó pé, òun gbà. Bí kò bá yí i, kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ ọ́ mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tí Sìlífátù kì í yẹ àdéhùn, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ aṣọ àwọn oníbàárà, ó mú ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́.

Arábìnrin Ògúnyẹmí gbọ́ ọ títí dé ìparí. Ó fa fáìlì kan yọ. “Màmá, ẹ wò ó. Mo kọ ọ́ síbí pé ìyá ní ọ̀tún ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín.”

Sìlífátù kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. “Irọ́ ni mo pa, mà. Ojú ló tì mí. Ẹ dákun, ẹ má torí irọ́ mi lé ọmọ mi lọ.”

“Ẹ dìde, Màmá. Wọn kì í ṣe ìdánwò yìí fún ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n màá gbé àwòrán kan péré kalẹ̀, èyí tí kò rí rí. Bí mo bá fi ojú mi rí i pé ó fi òsì tò ó pé, màá kọ̀wé pé kí wọ́n pa ìwé àkọ́kọ́ tì. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan kọ ọ́. Ẹnu yẹn náà ló sọ ti ìṣáájú.”

Ó kó igi mẹ́sàn-án jáde. Sìlífátù bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

“Àbẹ̀ẹ́bí, òsì ni kí o lò.”

Ọmọ náà wò ó bí ẹni pé pàkúté ni. “Òsì?”

“Òsì, ọmọ mi. Ìye ló ní kí o lò ó lónìí.”

Ó lọ jókòó lẹ́yìn. Aago bẹ̀rẹ̀. Àbẹ̀ẹ́bí kò mira. Ó wo àwòrán, ó wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, ó tún wo àwòrán. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ òsì yọ lábẹ́ itan. Ó mú igi kan, ó gbé e kalẹ̀, ó dúró. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó mú èkejì. Ẹ̀kẹta àti ìkẹrin kò gba àkókò rárá, wọ́n jókòó síbi tó yẹ wọ́n. Arábìnrin Ògúnyẹmí ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ó gbé bírò sókè. Ìkarùn-ún.

Ayọ̀ ru bo Sìlífátù láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹkún bá ayọ̀ náà wá, ó gbé e mì, kò lọ, ó há a lọ́fun. Ó di ẹnu, ó di imú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sórí àga yẹn. Ọ̀fun rẹ̀ já a kulẹ̀.

“Ùhn-ùn!”

Igi kẹfà bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ti wà lábẹ́ itan, Àbẹ̀ẹ́bí ti jókòó lé e, ó gún gbọnrangandan.

“Rárá o! Ọmọ mi, kì í ṣe ìwọ! Ẹkún ni! Ẹkún ló há mi!” Sìlífátù dojúbolẹ̀ síwájú ọmọ, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń fa ọwọ́ náà. Bó ṣe ń fà á ni ọmọ náà túbọ̀ ń jókòó mọ́ ọn. Aago dún. Obìnrin náà pa aago, ó ṣì dúró, wọ́n dúró títí ojú oòrùn fi yí lójú fèrèsé. Ọwọ́ náà kò jáde mọ́.

“Ẹ mú un padà wá lóṣù tó ń bọ̀,” Arábìnrin Ògúnyẹmí ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “kí ẹ̀yin má wọlé.”

“Ọ̀la ni lọ́rí ń lọ, mà.”

Obìnrin náà wo igi márùn-ún tó wà lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó dé bírò rẹ̀ láìkọ nǹkan kan.

Nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó dé Ùsò, Sìlífátù ń sunkún láìbo ojú, àwọn èrò ń bẹ̀ ẹ́, wọn kò mọ ohun tó ṣe é. Àbẹ̀ẹ́bí wò ó títí. Ó fà á láṣọ díẹ̀, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí itan ara rẹ̀, ibi tí ọwọ́ òsì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ láti Àkúrẹ́.

“Ìye, má sunkún mọ́,” ó ní. “Mo ti fi í pamọ́.”