Ẹ̀wà Oníṣúgà Nínú Búrẹ́dì Funfun

Mo mọ àwọn tó ń bu ṣúgà sẹ́wà jẹ. Wọ́n pọ̀ nílùú. Nílé tiwa, a kì í bá wọn jà, a kàn kì í bá wọn jẹun nínú abọ́ kan náà ni. Ata, iyọ̀ àti epo ni mo mọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fajú ro lọ́jọ́ tí ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi nílé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní kí n wo obìnrin ará Jàpáànù kan. Obìnrin náà tẹ ẹ̀wà mọ́ ṣúgà, ó rọ́ ọ sínú fúláwà tí a pò, ó wá gbé e sórí ooru omi, bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín.

"Màmá, èyí ni màá ṣe fún Màmá Ọ̀yọ́."

Àbúrò mi ló ń pè ní Màmá Ọ̀yọ́, ọmọ ìyá mi. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ló wà títí dòní. Àìsàn kan dá a dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, nígbà tó sì dìde, ìríra ló bá a dìde. Ẹran, ẹja, ẹyin, gbogbo ohun tó bá ti ara ẹranko wá, bó bá ti gbóòórùn rẹ̀ báyìí, èébì ni. Wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sí ògì rẹ̀, ó ní òórùn ewúrẹ́ ń ti inú ife jáde. Ògì lásán nìkan ló kù, ògì náà sì ti sú u. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé bí kò bá jẹ ohun gidi, àwọn á dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa fa omi sí i lára. Òun náà sì ti sọ fún mi lórí fóònù pé bí òun bá fi lè padà síbẹ̀, òun ò ní fẹsẹ̀ ara òun jáde mọ́.

Nítorí náà, n kò lè sọ pé rárá. Mo kàn béèrè ni.

"Kò sí ẹyin níbẹ̀?"

"Kò sí ẹyin, kò sí mílíìkì, kò sí bọ́tà. Àwọn kan wà láyé, Màmá, tí wọn kì í fẹnu kan ohunkóhun tó bá ti ara ẹran jáde. Irú wọn ni wọ́n ń ṣe é fún."

"Ta ló ń fìyà jẹ wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó lọ ra fúláwà àti yíìsì ní Tákìé, ó ra ẹ̀wà olóyin bọ̀. Ó ní òun á máa po fúláwà, kí èmi mójú tó ẹ̀wà, nítorí ẹ̀wà ni mo mọ̀ ọ́n sè. Mo gbé e kaná, mo ju kán-ún díẹ̀ sí i kó lè tètè rọ̀, kí gáàsì má bàa tán. Láti ìgbà tí mo ti ń dáná lóko wa ní Ìrẹsà ni ọwọ́ mi ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó sì rọ̀ lóòótọ́. A tẹ̀ ẹ́, a da ṣúgà lé e, a dá a padà síná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Ibẹ̀ ni ìríra náà ti mú mi gan-an. Ẹ̀wà tí a bá ń fi ṣúgà rò á dúdú, á máa dán, á máa yọ̀ nínú ìkòkò, á sì máa hó púkẹ́ púkẹ́ bí ẹrẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ ń mí nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti tọ́mọ. Mo mọ ohun tó jọ. Mo ti fomi ṣàn án kúrò ní ìdí ọmọ tó ń hu eyín, n kò sì rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ní kí n rò ó lórí iná. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń rò ó lọ.

A rọ́ ọ sínú fúláwà tó pò, a gbé e sórí ooru omi. Nígbà tí a ṣí ìkòkò, búrẹ́dì náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbi tí ẹ̀wà ti kàn án, òórùn ọṣẹ sì gba gbogbo ilé.

"Màmá, kí lẹ fi sí i?"

"Kí ni mo fi sí i? Kán-ún ni."

"Kán-ún! Nínú ohun dídùn!"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀wà ni?"

Ó gé e jẹ, ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé lọ tu ú dànù. Mo tọ́ ọ wò. Ọṣẹ ni, ọṣẹ tí wọ́n da ṣúgà lé lórí. A dà á sílẹ̀ fún adìẹ aládùúgbò. Adìẹ náà ṣá a lẹ́ẹ̀kan, ó nu ẹnu rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó bá tirẹ̀ lọ.

A tún un ṣe, láìsí kán-ún. Ẹ̀wà náà pẹ́ lórí iná títí ó fi sú mi. A fi ọwọ́ yí i róbótó róbótó, ó ń lẹ̀ mọ́ àárín ìka mi, mo sì ń lọ fọwọ́ ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó fọwọ́ kan èérí. A fi fúláwà bò ó, a jẹ́ kó wú, a gbé e lé ewé mọ́ínmọ́ín, mo to igi ewé sísàlẹ̀ ìkòkò kí omi má bàa kàn án, mo fi aṣọ di ọmọrí. Nígbà tó jinná, ó funfun, ó sanra, ó rọ̀ lára bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.

"Ṣé kò níí pọ́n ni?"

"Kì í pọ́n, Màmá. Bó ṣe ń rí nìyẹn."

Lójú mi, búrẹ́dì tí kò pọ́n, tútù ni. Mo bù ú jẹ. Eyín mi kan ẹ̀wà náà. Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Èmi ni mo gbé kúlà náà lé itan, òórùn yíìsì àti ṣúgà ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bọ̀ sí mi nímú. Ojú fèrèsé ni mo kọjú sí títí a fi dé.

Àbúrò mi jókòó lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé. Ọmọ ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, Màmá," ó sì ṣí kúlà. Àbúrò mi yọjú wò ó.

"Orí ta lẹ fá wá fún mi yìí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Oúnjẹ ni."

"Ẹ tètè bò ó kó má mí sí mi o."

Ó tún fa imú rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ń wá ẹyin, ó ń wá mílíìkì. Kò rí i. Kò bì. Mo rí i tí ọmọ náà di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

"Ó dáa," àbúrò mi ní. "Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná."

Bí ìyá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn: ẹni tó gbé oúnjẹ wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. N kò rántí rẹ̀ láti ilé. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń wá ìdí tí kò fi ní jẹun ló jókòó síwájú mi yìí. Bí mo bá fajú ro díẹ̀, ó ti rí i.

Mo mú ọ̀kan, mo bù ú. Awọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi. Ẹ̀wà náà tú sí mi láhọ́n, dídùn rẹ̀ wúwo bí òògùn ikọ́, itọ́ kún ẹnu mi bí ìgbà tí èébì ń bọ̀.

"Ó dùn," mo ní.

"Ẹ gbé e mì."

"Mo ti gbé e mì."

"Ẹ lanu kí n rí i."

Èmi, tí mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn! Mo la ẹnu. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Ẹ̀rín pa àbúrò mi, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n mi! Ẹni tó ń gbá wa létí lórí ẹ̀wà tá a bá ṣẹ́kù sábọ́!"

"Pa ẹnu ẹ dé." Mo dijú, mo gbé e mì. Omi dà lójú mi.

"Ẹ mú ọ̀kan wá," ó ní. "Ohun tó lè na ẹ̀gbọ́n mi báyìí, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

Ó fi èrìgì rẹ̀ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ti fa báàfù sún mọ́ ọn sílẹ̀ de èébì. A ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì, ó dúró, ó tún bù ú. Nígbà tó tán, ó fi eyín iwájú tó kù ú kù ha ara ewé, ó na ọwọ́ fún òmíràn. Báàfù náà gbẹ títí a fi dìde.

"Ẹ máa gbé e wá," ó ní, "ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin ò bá jẹ tiyín níwájú mi, èmi ò jẹ temi."

Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Nísinsìnyí ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Èmi ni mo ń ro ẹ̀wà náà, ojú mi sì máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo máa ń bù ú tóbi kó lè tètè tán, mo sì máa ń fi omi lé e. Mo jẹ ọ̀kan ní Sátidé tó kọjá. Ó ń rí mi lára títí mo fi padà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti rẹ ẹ̀wà ti ọ̀sẹ̀ yìí sómi.