Ìjì Tó Gba Ẹ̀yìn Mi Wọlé

Mo rántí ìró ìka bàbá onílé mi lára gíláàsì aago afẹ́fẹ́ wọn: kó, kó, ẹ̀ẹ̀mejì péré, ní gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run dá, kí wọ́n tó gbé omi tíì kaná. Huntstown ni ilé náà wà, ní Dublin, láyé ìgbà tí owó ń ya wọ ìlú náà tí wọ́n ń kọ́ ilé lójoojúmọ́ bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ tán láyé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n gba yàrá òkè lọ́wọ́ wọn: fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, ìhà ibẹ̀ la sì ń kọjú sí kírun ní Dublin. Mo tẹ́ ẹní ìkírun mi sábẹ́ fèrèsé, ọkàn mi balẹ̀.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà. Ìyàwó wọn ti kú, wọn kò sì bímọ. Lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ. Háà! Èmi ọmọ Ṣakí, kí n máa pe ẹni tó lé ní àádọ́rin ọdún lórúkọ gbàgà? Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní Dádì ni n ó máa pè wọ́n. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Èmi ò bímọ o. N kì í ṣe Dádì ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Ẹ̀yin ni Dádì mi nínú ilé yìí, sà." Wọ́n kùn hùn-ún, wọ́n yíjú sí tíì wọn. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti pe Dádì, wọn kì í jẹ́ ẹ. Wọ́n á kàn kùn hùn-ún, wọ́n á sì dáhùn ohun tí mo bi wọ́n.

Èmi ni mo sọ nǹkan ara ògiri yẹn ní aago afẹ́fẹ́, nítorí ó rí bí aago, ó sì ní ọwọ́ tó ń yí, àmọ́ kì í sọ àkókò. Bí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ṣe wúwo tàbí tó fúyẹ́ ló ń sọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ sókè, ojú ọjọ́ yóò dára. Bí ó bá ń wálẹ̀, kí oníkálukú káṣọ. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Dádì á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan, pẹ̀lú ìwọ̀n òjò tó bọ́ sínú ìgò ẹ̀yìnkùlé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Wọn kò fo ọjọ́ kan rí, kódà ọjọ́ tí wọ́n sìnkú ìyàwó wọn. Wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà tín-ín-rín kan sára gíláàsì náà, síbi tí ọwọ́ aago wálẹ̀ dé jù lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Gbogbo ohun tí wọ́n ń retí láyé ni ìjì kan tí yóò fa ọwọ́ náà kọjá ìlà pupa yẹn kí àwọn tó kú.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní nínú iṣẹ́ yìí, ìyá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Clonsilla, tó sì ní aago afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, ìyá yìí á gbé àwòrán òfuurufú tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà wá, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì kíṣìnì, àwọn méjèèjì á wá máa jiyàn lórí ìkùukùu bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Mo kọ́kọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ikùn mi. Ìgbà wo ni òjò di ohun tí àgbàlagbà ń fi ìwé lé kiri? Àmọ́ òjò náà ló ń pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Nígbà tó yá, èmi náà ń fa àga.

Ibi tí mo ti sọ ara mi di ọ̀gá nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé orí àpáta ni ìyá mi ti ń sá èlùbọ́ ní Ṣakí, èmi ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ òjò ní kékeré. Ìlà oòrùn ni òjò ti ń ṣú nílé wa. Bí ibẹ̀ bá ti dúdú, kó èlùbọ́ rẹ kíá. Mo ní òjò kan kò pa èlùbọ́ ìyá mi rí lójú mi. Ìyá olùkọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ̀ oòrùn ni tiwa ti ń wá o, láti orí òkun." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde. Ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun.

Nínú oṣù Kẹta, nígbà tí òdòdó yẹ́lò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́bàá ọ̀nà, Dádì gun àkàbà láti nu ewé kúrò ní etí òrùlé, àkàbà sì yẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Eegun ìbàdí wọn ṣẹ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n ti ń gba nọ́ńbà aago mẹ́sàn-án lẹ́nu mi lórí fóònù, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lórí itan wọn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá olùkọ́ gbé àwòrán kan wá. Lórí òkun, níhà ìwọ̀ oòrùn, àwọn ìlà tó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ hàn dì mọ́ra, wọ́n yí po bí ìkarahun ìgbín. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń wo òfuurufú, àwọn ò rí irú rẹ̀ rí ní ìgbà ìrúwé. Ọjọ́rú ni yóò dé.

Mo lọ sọ fún Dádì. Fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kọjú sí ògiri bíríkì. Wọn kò lè rí òfuurufú tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ìjì tí wọ́n ti ń dúró dè láti ọdún gbọọrọ ń bọ̀, wọ́n sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ohun tí wọn kì í ṣe. "Láti ọ̀sán Ọjọ́rú, jókòó síwájú rẹ̀. Ibi tó bá wálẹ̀ dé kó tó padà sókè ni mo fẹ́. Bó bá ti ń gòkè báyìí, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi mọ́ láéláé." Mo ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀." Wọ́n kùn hùn-ún.

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, n kò lọ sí kíláàsì. Àárọ̀ mọ́ rekete, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ dákẹ́, ojú ọ̀run mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ aago ń wálẹ̀ ṣáá. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kàn án, kó, kó, á tún já sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán fi pọ́n, kò ju ìbú ìka kan lọ tó kù kó kan ìlà pupa. Mo ní kí n yára lọ kí ìrun ọ̀sán kí ìjì tó dé.

Mo gun òkè, mo yọjú lójú fèrèsé mi. Ìlà oòrùn mọ́ gaara. Àmọ́ mo rí ohun kan. Kirénì pọ̀ ní àdúgbò wa nígbà náà, àwọn irin gíga tí wọ́n fi ń gbé bíríkì sókè, apá oníkálukú wọn sì máa ń kọjú síbi tó wù ú. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn na apá sí ìlà oòrùn, gbọnrangandan, bí àwọn tó tò sójú sáàfù lẹ́yìn ìmáámù. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Kirénì gan-an ti mọ ibi tó ti ń bọ̀." Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tú ọrùn kirénì sílẹ̀ kí ìjì má baà wó o, atẹ́gùn òkè á sì tì í síbi tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ. Ibi tí ìjì ń lọ ni wọ́n nà sí. Èmi ọ̀gá òjò dúró síbẹ̀, mo ń wá ìkùukùu lójú ọ̀run tó mọ́, àkókò ń lọ. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan, mo ní ó ṣì jìnnà. Mo kábárà, mo bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Rákà kejì ni mo wà, iwájú orí mi wà nílẹ̀, tí ilé ṣú bìrì. Ìmọ́lẹ̀ ara ògiri iwájú mi kú. Òrùlé kérora lókè mi bí ẹni tó gbẹ́rù wúwo. Mo parí ìrun náà, n kò mọ bí mo ṣe parí rẹ̀, mo sáré wálẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, afẹ́fẹ́ sì já a gbà lọ́wọ́ mi.

Olúwa mi o! Ìwọ̀ oòrùn ti di ògiri. Láti ilẹ̀ dé òkè ọ̀run, ó dúdú bí omi aró, etí rẹ̀ nísàlẹ̀ funfun, ó ń yí lórí ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì tíì rí i mọ́. Àwọn ẹyẹ òkun ń fò níwájú rẹ̀. Wọ́n kọjú sí ìjì, wọ́n ń ju ìyẹ́, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ. Ọ̀rá ńlá tí àwọn kọ́lékọ́lé fi bo ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán já, ó gbéra, ó gba orí òrùlé kọjá pẹ̀lú ariwo. Ike ìdọ̀tí gbogbo àdúgbò ń sáré lójú títì. Ìjì tí ń gbé ọlọ, kí ni kí ẹlẹ́lùbọ́ wí? Yìnyín dé, ó ń nà mí lójú, mo di òpó okùn ìsáṣọ mú pẹ̀lú apá méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì ń dùn. N kò mọ èyí tó ṣáájú. Mo ń kígbe Allāhu Akbar, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Mo rí bí mo ṣe kéré tó, kò sì dùn mí rárá. Ó wù mí kí n máa kéré bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó yá, òfuurufú ya níhà ìwọ̀ oòrùn, àwọ̀ búlúù yọ, atẹ́gùn tútù kan fẹ́ sí mi lójú. Ìgbà yẹn ni mo rántí aago.

Mo sáré wọlé, omi ń ro lára mi. Mo kàn án, kó, kó. Ọwọ́ náà fò sókè. Mo tún kàn án, ó tún fò sókè. Ó ti lọ, ó ti dé ìsàlẹ̀ ibi tó ń lọ, ó sì ti padà, bóyá ó kọjá ìlà pupa, bóyá kò kọjá, ọmọ adáríhurun kan kò rí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Fóònù dún. Ìyá olùkọ́ ni, wọ́n ń pariwo bí ọmọdé, tiwọn ní Clonsilla wálẹ̀ ju bó ti wálẹ̀ rí lọ! Tiwa ńkọ́? Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ti ń gòkè. Ó yé wọn. Wọ́n ní, "Mú nọ́ńbà tèmi, kí o yọ díẹ̀ kúrò. Clonsilla kò jìnnà. Ara bàbá yẹn kò yá. Ta ni yóò mọ̀?" Mo kọ nọ́ńbà náà sórí bébà, mo fi í sínú àpò, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀ka igi wà káàkiri ojú ọ̀nà. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ọkàn kan ní kí n sọ ọ́, inú àgbàlagbà á dùn, ó tán. Ọkàn kejì ń rántí ọgbọ̀n ọdún tí irọ́ kan kò sí nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ìwé wà lórí itan Dádì nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti ṣí bírò sílẹ̀. Wọ́n ní, "Mélòó?"

Mo ní, "Dádì, n kò wò ó."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìlà oòrùn, kirénì, ìrun, ẹ̀yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Wọ́n kọjú sí ògiri bíríkì yẹn. Mo bẹ̀bẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi, omi ń bọ́ lójú mi, ọkùnrin tó fẹ́ di dókítà. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ó dáa. Kí lo wá rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Wọ́n pa ojú dé. Wọ́n ní kí n tún ti àwọn ẹyẹ òkun sọ, ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n bi mí bóyá etí ìkùukùu náà funfun bí wàrà ni àbí bí eérú. Mo rí i tí ẹ̀rín ń yọ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn. Nígbà tí mo parí, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Grand," ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n máa ń sọ bí tíì bá dùn. Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n pa á dé. N kò béèrè ohun tí wọ́n kọ. Ojú ń tì mí.

Dádì padà sílé, wọ́n sì tún kan aago yẹn fún ọdún mélòó kan, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sún mọ́ ìlà pupa mọ́ títí wọ́n fi lọ. Ìyá olùkọ́ ló gbé aago àti ìwé náà fún mi, wọ́n ní bí Dádì ṣe sọ ọ́ kí wọ́n tó kú nìyẹn. Ó wà lára ògiri mi báyìí, ní Clonsilla níbí. Dókítà ni mí, àwọn ọmọ mi ń fi ohùn Dublin dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá ní ìjì ń bọ̀, mo máa ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Àbígbẹ̀yìn mi á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Ah Da, it's only wind." Mo máa ń ní kó wá dúró tì mí.

Nínú ìwé yẹn, ojú ìwé tẹ̀ lé ojú ìwé, nọ́ńbà ló kún ibẹ̀, àyè kan ṣoṣo ló ṣófo, ti ọ̀sán ọjọ́ ìjì yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi bá Dádì gbé, wọn kò jẹ́ orúkọ tí mo ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ náà, mo ti gbà pé kò wù wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ àyè tó ṣófo yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí ní èdè wọn, mo ń fi tiwa sọ ọ́: "Kò sí nọ́ńbà lónìí. Ọmọ mi ọkùnrin wà níta, ó ń wò ó."