Àgbẹ̀ Tó Di Aṣòfin, àti Oko Ìyàwó Mi

Òórùn àlùbọ́sà tó jóná ló gba ilé ìdáná wa ní Peckham, ní London, láàárọ̀ ọjọ́ tá a lò kẹ́yìn pọ̀. Ìyàwó mi gbàgbé rẹ̀ sórí iná nítorí ìwé tí mò ń kà sí i létí: ìtàn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó kúrò nídìí ọkọ́ lọ di aṣòfin. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ń sọ nílé ìgbìmọ̀ ló ń dùn mọ́ mi. Ibòmíràn ni ọkàn ìyàwó mi wà.

“Ta ló wá ń ro oko?” ó bi mí.

“Ìyàwó rẹ̀ ni.”

“Mo mọ̀! Kí lorúkọ rẹ̀?”

Mo wá a títí, ìwé ò dárúkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Ọnórébù, ẹ máa kàwé yín lọ.” Orúkọ tó fún mi nìyẹn, nítorí ìpàdé ọmọ ìlú tí mò ń bá kiri Old Kent Road, tí òun sì ń lọ sí ilẹ̀ kékeré tí káńsù yá a, níbi tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé ò gbà mí mọ́. Màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Elephant and Castle láìní ohun tí mò ń wá. Màá tún gba ibẹ̀ dé Catford, màá sì padà. Bí mo bá ṣí ìwé náà, màá pa á dé. Ní oṣù kẹta ọdún, ìyá àgbà tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tìyàwó mi pààlà pè mí.

“Bọ̀dá, koríko ti bo ilẹ̀ ìyàwó yín o. Káńsù ní bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án kóṣù yìí tó parí, àwọn á gbé e fún ẹlòmíì.”

Mo gbé agolo irúgbìn ìyàwó mi, mo lọ. Òjò ti rọ̀. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú, òjò àkọ́rọ̀ ni à ń gbìn sí, mo bá fẹ́ fọ́n tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Ìyá àgbà náà ké sí mi láti orí ilẹ̀ tirẹ̀.

“Ẹ dákun! Òjò Peckham kọ́ ni òjò Ìjẹ̀bú. Òtútù á pa á. Ohun tíyàwó yín ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ gan-an nìyí.” Ìyá náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rọra ní, “Gbogbo rẹ̀ ló kú. Ó sunkún, ó sì tún ilẹ̀ ro.”

Ìyàwó mi ò sọ ọ́ fún mi rí.

Nínú ìwé yẹn, àgbẹ̀ náà padà sóko lọ́jọ́ ogbó. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi sọ ọ́, mo sì ti gbà pé ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí. Lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo bọ́ kóòtù mi. Mo mú ọkọ́ ìyàwó mi, tí erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbẹ mọ́ èèkù rẹ̀, mo kọ ebè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kó irúgbìn rẹ̀ padà sínú agolo, títí ilẹ̀ á fi móoru.